Jane Fonda, òṣèré tó di ajìjàgbara: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ta ni Jane Fonda?

Òṣèré Amẹ́ríkà ni. New York ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1937. Henry Fonda, òṣèré tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Amẹ́ríkà, ni bàbá rẹ̀. Peter Fonda, tóun náà jẹ́ òṣèré, ni àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1950. Wọ́n sọ fún Jane pé àìsàn ọkàn ló pa á, inú ìwé ìròyìn àwọn òṣèré ni ọmọ náà ti wá ka òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ Oscar lẹ́ẹ̀mejì, fún Klute (1971) àti Coming Home (1978), wọ́n sì ti dárúkọ rẹ̀ fún un nígbà méje lápapọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ lójú àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti dàgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ ogun Vietnam ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, kí ti fíìmù tó tẹ̀ lé e.

Irú òṣèré wo ló jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwọ́de?

Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ó kúrò nílé ẹ̀kọ́ gíga Vassar láìparí, ó wọ kíláàsì Lee Strasberg, olùkọ́ àwọn òṣèré, ní 1958, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1960. Ó fẹ́ Roger Vadim, olùdarí fíìmù ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní 1965. Vadim ló darí Barbarella (1968), tó gbé àwòrán Jane dé ara ògiri káàkiri ayé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe They Shoot Horses, Don't They?, nípa àwọn aláìní tó ń jó tọ̀sán-tòru títí wọ́n á fi ṣubú, nítorí ẹ̀bùn owó, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún Oscar.

Kí ló gbé e wọ inú ìjà?

Ilẹ̀ Faransé ló ń gbé ní 1968, oyún àkọ́bí rẹ̀ wà nínú, nígbà tó pàdé àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́jà Amẹ́ríkà ní Paris, àwọn tó ti kẹ̀yìn sí ogun Vietnam. Ohun tí wọ́n sọ fún un kò bá ohun tó ti gbà gbọ́ nípa orílẹ̀-èdè rẹ̀ mu rárá. Nígbà tó fi máa di 1970 ó ti padà sí Amẹ́ríkà, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ó lọ bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà (Native Americans) tó gba erékùṣù Alcatraz, ó sì lọ jókòó nínú àwọn ilé kọfí tí àwọn alátakò ogun ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè, níbi tí àwọn ṣọ́jà ti lè sọ tinú wọn.

Ó wá rò ó pé kóun fi sinimá sílẹ̀ pátápátá. Ken Cockrel, agbẹjọ́rò àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní Detroit, ló dá a lẹ́kun. Ó ní aṣáájú kò wọ́n nínú ìjà, gbajúmọ̀ òṣèré ni kò sí níbẹ̀; kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kó sì mójú tó o. Jane ti tún ọ̀rọ̀ yìí sọ lọ́pọ̀ ìgbà. Lójú tiwa, òun ló ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbàkígbà tó bá fi iṣẹ́ àti orúkọ rẹ̀ sin ẹgbẹ́ tó ti mọ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ máa ń yọrí. Ìgbà tó dá lọ ló kàgbákò.

Kí ni FTA?

Eré orí ìtàgé ni (Free The Army), tí òun àti òṣèré Donald Sutherland kó àwọn òṣèré àti olórin jọ láti ṣe fún àwọn ṣọ́jà ní 1971. Bob Hope, aláwàdà, ló ń lọ dá àwọn ṣọ́jà lára yá nígbà yẹn pẹ̀lú àtìlẹyìn ìjọba. FTA ní tirẹ̀ wà fún àwọn tí ogun ti sú. Àwọn ọ̀gá ológun kò jẹ́ kí wọ́n wọ bárékè, torí náà ilé kọfí àti gbọ̀ngàn tó wà nítòsí ni wọ́n ń lò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nítòsí Fort Bragg ní North Carolina, wọ́n sì dé Hawaii, Philippines, Okinawa àti Japan. Fíìmù tí wọ́n fi ìrìn-àjò náà ṣe jáde ní oṣù Keje 1972. Kò lò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi kó o kúrò ní sinimá.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n mú un pẹ̀lú oògùn olóró?

Wọ́n mú un lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe oògùn olóró. Ní oṣù Kọkànlá 1970, ó ń ti Kánádà bọ̀, àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú Cleveland tú ẹrù rẹ̀, wọ́n rí àwọn àpò kéékèèké tí oògùn oníhóró wà nínú wọn. Fítámìn ni. Ó ti kọ lẹ́tà sára àpò kọ̀ọ̀kan, ti òwúrọ̀ lọ́tọ̀, ti ọ̀sán lọ́tọ̀, ti alẹ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà. Ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà ni fọ́tò tí àwọn ọlọ́pàá yà: ó gbé ìkúùkù sókè, pẹ̀lú irun gígé kúkúrú tó ṣẹ́ sójú, irun kan náà tí ẹ máa rí nínú Klute.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Hanoi gan-an?

Oṣù Keje 1972 ló lọ sí Hanoi, olú ìlú Àríwá Vietnam tí Amẹ́ríkà ń bá jà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ìròyìn ti ń jáde pé bọ́ǹbù Amẹ́ríkà ń ba àwọn odi amọ̀ tí àwọn ará Àríwá Vietnam fi ń sé odò mọ́ jẹ́. Bí odi wọ̀nyẹn bá ya lásìkò òjò, omi á gbé oko ìrẹsì lọ, ebi á sì pa àìmọye èèyàn. Jane gbé kámẹ́rà dání láti ya ohun tó bá rí. Kì í ṣe òun ni ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó máa débẹ̀ lásìkò ogun náà, ètò rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání títí dé ibí.

Ohun méjì ló bà á jẹ́. Rédíò ni èkínní: ó sọ̀rọ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá lórí Rédíò Hanoi, ó ń rọ àwọn awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà pé kí wọ́n ro ohun tí bọ́ǹbù wọn ń ṣe fún àwọn tó wà nílẹ̀. Fọ́tò ni èkejì. Lọ́jọ́ tó máa lò gbẹ̀yìn, wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n gbé ìbọn ńlá tí wọ́n fi ń já ọkọ̀ òfurufú sí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ kọrin fún un, òun náà sì kọ orin tó kọ́ lédè Vietnam fún wọn, ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀ kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n fọ̀nà hàn án síbi ìbọn, ó jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí, àwọn oníkámẹ́rà sì ń yà á. Gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ìgbà tó dìde tó ń lọ síbi mọ́tò ló tó yé e bí fọ́tò náà ṣe máa rí lójú àwọn ará ilé. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbé e jáde. Wọ́n gbé e jáde.

Irú ìbọn yẹn ni wọ́n fi ń yin àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lulẹ̀. Kò sí àlàyé tó lè pa ìyẹn rẹ́ lójú ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ òfurufú. Jane fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ká ní ẹnì kan tó ti mọ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni, onítọ̀hún ì bá ti fa òun lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Ibẹ̀ ni orúkọ "Hanoi Jane" ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ohun tó ṣe ní 1973 tún burú sí i. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun padà délé, wọ́n ní wọ́n dá àwọn lóró, Jane sì pè wọ́n ní òpùrọ́ àti alágàbàgebè. Wọ́n ti dá wọn lóró lóòótọ́. Fọ́tò jẹ́ àìrònú ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó ti tán an lókun. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ráyè rò ó kó tó sọ ọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ó gba ìwé kékeré lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó sì kó o fún àwọn tó dè wọ́n?

Irọ́ ni. Ìtàn náà ń káàkiri lórí íméèlì láti apá ìparí àwọn ọdún 1990, pé ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan fi bébà sí i lọ́wọ́ nígbà tó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, pé ó fà á fún ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì lu àwọn kan pa. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀ gan-an ti jáde sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Bákan náà, kò sí ilé-ẹjọ́ kankan tó gbé e dúró lórí ẹ̀sùn pé ó da ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n tún fi ránṣẹ́, ẹ má ṣe fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíì; ohun tó ṣe gan-an tó láti bá a wí, kò nílò àfikún.

Ṣé ó ti tọrọ àforíjì?

Ó ti tọrọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ti 1988 ló gbajúmọ̀ jù, lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú oníròyìn Barbara Walters. Ìpàdé kan tó ṣe lọ́dún yẹn kan náà ló yẹ kéèyàn mọ̀. Ó fẹ́ ya fíìmù ní Waterbury, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, àwọn ṣọ́jà àtijọ́ ìlú náà sì ní àwọn ò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Dípò kó rán agbẹnusọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn jọ jókòó. Inú ilé ìjọsìn ni wọ́n ti pàdé ní oṣù Kẹfà 1988, wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ẹ kíyè sí ohun tó tọrọ àforíjì fún. Ó bẹ àwọn ṣọ́jà àti ẹbí wọn nítorí fọ́tò náà àti ẹ̀dùn ọkàn tó kó bá wọn. Kò tọrọ àforíjì pé òun tako ogun, kò sì sọ pé kò yẹ kóun lọ sí Vietnam. Àwọn kan ti gbà á, àwọn mìíràn kò gbà á títí dòní.

Ṣé Hanoi kò ba iṣẹ́ sinimá rẹ̀ jẹ́?

Ó fà á sẹ́yìn fún ọdún mélòó kan. Ohun tó gbé e padà ni pé ó dá ilé iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú Bruce Gilbert, kò dúró kí wọ́n tó pè é. IPC Films ni wọ́n pè é. Inú orúkọ Indochina Peace Campaign ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti wá, ẹgbẹ́ tí òun àti Tom Hayden, ajìjàgbara tó fẹ́ ní 1973, fi ja ìjà òpin ogun.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n á wá ìṣòro tó wà nílẹ̀, wọ́n á lọ jókòó ti àwọn tí ìṣòro náà ń bá jà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ìtàn tí èèyàn máa fẹ́ sanwó wò bò ó. Coming Home jáde látinú ọ̀rọ̀ Ron Kovic, ṣọ́jà tí ọta ìbọn sọ di arọ, tí Jane gbọ́ níbi ìpéjọ kan. The China Syndrome dá lórí oníròyìn tó já sí àbùkù tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ níléeṣẹ́ iná mànàmáná tó ń lo agbára núkílíà. Ó jáde lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta 1979, àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ náà sì ń pariwo pé àsọdùn ni. Ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà ni jàǹbá ṣẹlẹ̀ níléeṣẹ́ núkílíà Three Mile Island ní Pennsylvania.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù lójú tiwa ni Nine to Five (1980). Karen Nussbaum, tí Jane mọ̀ látinú ìjà òpin ogun, ti dá ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé obìnrin sílẹ̀ ní Boston ní 1973, orúkọ ẹgbẹ́ yẹn ni fíìmù náà sì jẹ́. Owó oṣù wọn kéré, ọkùnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló máa ń di ọ̀gá wọn, àwọn ni wọ́n tún ń rán lọ gbé kọfí. Jane lọ jókòó ti àwọn akọ̀wé, ó sì gbọ́ àlá tí wọ́n ń lá nípa bí àwọn ṣe máa fìyà jẹ ọ̀gá. Àlá wọ̀nyẹn wọ inú fíìmù. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kó jẹ́ ìtàn tó le, kó tó sọ ọ́ di àwàdà pẹ̀lú Lily Tomlin àti Dolly Parton, èèyàn kì í sá fún ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Fíìmù náà pa ju $100 mílíọ̀nù lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo òpin rẹ̀ dáadáa: owó kan náà fún iṣẹ́ kan náà, ibi ìtọ́jú ọmọ nínú ilé iṣẹ́, wákàtí iṣẹ́ tó ṣe é yí. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń béèrè nìyẹn.

Fídíò eré ìdárayá ńkọ́? Kí ló kàn án nínú ìjìjàgbara?

Owó. Jane àti Hayden ní ẹgbẹ́ kan ní California, Campaign for Economic Democracy, tó ń jà lórí owó ilé, agbára oòrùn àti oògùn apakòkòrò inú oko, ẹgbẹ́ tó bá sì ń dúró de ọrẹ kì í lè ṣètò ọdún tó ń bọ̀. Jane ti fẹsẹ̀ ṣèṣe lásìkò The China Syndrome, kò lè jó báléètì tó fi ń tọ́jú ara mọ́, ó sì kọ́ eré ìdárayá mìíràn. Ó ṣí ilé eré ìdárayá ní Beverly Hills ní 1979, ìwé tẹ̀ lé e ní 1981, fídíò ní 1982. $59.95 ni wọ́n ń ta káàsẹ́ẹ̀tì kan, lásìkò tí ẹ̀rọ fídíò ò tíì wọ ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn fídíò náà lápapọ̀ tà ju mílíọ̀nù 17 lọ, ẹgbẹ́ náà sì ni èrè iṣẹ́ ọ̀hún ń lọ sí níbẹ̀rẹ̀.

Hayden wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin California ní 1982. Ní 1986, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó polongo Proposition 65 káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ìbò ará ìlú sì sọ ọ́ di òfin. Bí ẹ bá rí ìkìlọ̀ lára ọjà pé kẹ́míkà inú rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ, tí wọ́n dárúkọ California síbẹ̀, òfin yẹn ni.

Kí ló dé tó fi iṣẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní 1990?

Ó ní iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ òun mọ́. Ìgbéyàwó òun àti Hayden tú lọ́dún yẹn, ó fẹ́ Ted Turner tó dá CNN sílẹ̀ ní 1991, ó sì kó lọ sí Atlanta. Ní 1995 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Georgia láti dín oyún àwọn ọmọdébìnrin kù. Ó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó ti ṣe tẹ́lẹ̀: kò sí ìwọ́de, kò sí kámẹ́rà, ẹ̀kọ́ fún ọmọ, òbí àti olùkọ́ ni, láti ọdún dé ọdún. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Ó padà sí sinimá ní 2005, ọdún yẹn kan náà ni òun àti Gloria Steinem àti Robin Morgan, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, dá Women's Media Center sílẹ̀.

Báwo ni Fire Drill Fridays ṣe rí, kí ló dé tí wọ́n fi ń mú un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ní 2019, ó pe Annie Leonard, olórí Greenpeace, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àyíká, ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ó ní òun fẹ́ ṣe nǹkan lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Ẹ rí i pé kò dá lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kó wá sí Washington, ìwọ́de àkọ́kọ́ sì wáyé lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹwàá.

Lásìkò náà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú onímọ̀ àti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, lórí ohun kan ṣoṣo: òkun, oúnjẹ, ogun, ìlera. Ní Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á sọ̀rọ̀ níwájú Capitol, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, àwọn tó bá ti gbà pé kí wọ́n mú àwọn á sì lọ dúró síbi tí òfin ò gbà wọ́n láyè. Ọlọ́pàá á kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé á kúrò nígbà náà. Ẹni tó bá dúró, wọ́n á fi okùn rọ́bà dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀sùn dídí ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń fi kàn wọ́n. Ẹni tó bá san $50 á lọ sílé láìsí ìgbẹ́jọ́. Jane ní ibi tó le jù fún ẹni ọdún 81 ni gígun ọkọ̀ ọlọ́pàá, torí pé ọwọ́ tó yẹ kéèyàn fi di nǹkan mú ti wà lẹ́yìn.

Ìgbà márùn-ún ni wọ́n mú un. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ó sun àtìmọ́lé mọ́jú lórí irin lásán, ó tẹ́ kóòtù pupa rẹ̀ sábẹ́ ara. Lẹ́yìn ìyẹn ó yẹra fún ọlọ́pàá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé bí ẹ̀sùn bá ń pọ̀ sí i, ilé-ẹjọ́ lè fi ẹni sẹ́wọ̀n pẹ́, ó sì ní àdéhùn láti padà ya Grace and Frankie, eré orí tẹlifíṣọ̀n, ní oṣù Kìíní. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ àwọn tó kù dúró nítorí òun. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ ìbí rẹ̀ 82, ló tó tún jẹ́ kí wọ́n mú òun.

Ní ti kóòtù náà, ó ní òun ni aṣọ tóun máa rà gbẹ̀yìn. Òun ló gbé lọ́wọ́ lórí ìtàgé Oscar ní oṣù Kejì 2020, ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ náà sì jẹ́ èyí tó ti wọ̀ ní Cannes ní 2014.

Kí ni Jane Fonda Climate PAC, ṣé ẹgbẹ́ aláàánú ni?

Rárá. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹgbẹ́ aláàánú ti olùdíje kankan lẹ́yìn, ìyẹn ni wọ́n ṣe dá PAC (political action committee, ẹgbẹ́ ìṣèlú) sílẹ̀ ní 2022. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba owó, kó sì fi ran olùdíje lọ́wọ́. Ẹnì kan kò lè fún irú PAC bẹ́ẹ̀ ju $5,000 lọ lọ́dún. Ipò ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni Jane dojú kọ jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ibi tí wọ́n máa gbẹ́ epo sí, owó díẹ̀ sì lè yí èsì ìbò padà níbẹ̀. Ní California, ó wà lára àwọn tó jà fún òfin 2022 tó ní kànga epo tuntun kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé àti ilé ìwé ju ẹsẹ̀ bàtà 3,200 lọ. Àwọn oníléeṣẹ́ epo fẹ́ fi ìbò fagi lé e. Wọ́n kó ìbò náà kúrò ní oṣù Kẹfà 2024.

Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ó kéde ní oṣù Kẹsàn-án 2022 pé òun ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lymphoma. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ó ní ó ti lọ. Ní 2025, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ó tún ẹgbẹ́ Committee for the First Amendment gbé dìde, fún òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Klute, kí ẹ rí i gẹ́gẹ́ bí òṣèré lásán. Ẹ wá wo Coming Home, lẹ́yìn rẹ̀ The China Syndrome àti Nine to Five, kí ẹ sì máa wo àwọn tó wà lẹ́yìn ìtàn: àwọn ṣọ́jà lórí kẹ̀kẹ́ arọ níbẹ̀rẹ̀ Coming Home kì í ṣe òṣèré, ṣọ́jà tó ti Vietnam dé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi fíìmù FTA parí rẹ̀. Ojú àwọn tó ń wòran ni kí ẹ wò níbẹ̀, ju ti Jane lọ.